Ajá tí ìbẹ̀rù lé jáde: ohun tí mo kọ́ nígbà tí Tanímọ̀la sọnù

Ẹni tí ajá rẹ̀ sọnù lónìí ni mo torí rẹ̀ kọ èyí. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe kókó jù, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ má ráyè ka ìyókù: bí ẹ bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ má lé e. Ẹ má pariwo orúkọ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò rọ̀gbà yí i ká. Ẹ jókòó sílẹ̀ níbi tí ẹ bá wà. Màá sọ ìdí rẹ̀ bí mo bá dé ibẹ̀.

Àpẹ̀tẹ̀ là ń gbé, n'Ìbàdàn, lápá ẹ̀yìn Pólì, níbi tí ilé ti ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí igbó etí odò kò tíì tán. Tanímọ̀la ni ajá wa ń jẹ́. Bàbá mi ló sọ ọ́ lórúkọ, bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi orúkọ ajá sọ ohun tó wà nínú wọn. Ajá ìbílẹ̀ ni, kì í ṣe ajá òyìnbó. Ó pupa, etí rẹ̀ ọ̀tún dúró ṣánṣán, ti òsì tẹ̀ wálẹ̀. Lóru àìsùn ọdún tuntun, nígbà tí a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀dọ́ yin bánńgà lójú ọ̀nà wa, kì í ṣe wẹ́wẹ́ tí ọmọdé ń sọ mọ́lẹ̀, èyí tó ń mi fèrèsé ni. Nígbà tí a padà dé, géètì ṣì wà ní títì. Ajá ti wa ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ó ti gba ibẹ̀ jáde, irun rẹ̀ díẹ̀ ló kù lára irin.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òwe kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ẹni tí mo bá pàdé: ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Wọ́n fi ń tù mí nínú ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Tanímọ̀la kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò ya olóríkunkun. Ó gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ ni. Ìró tí etí èèyàn lè gbọ́ kì í kọjá nǹkan bí 20,000 Hz, ti ajá lè dé nǹkan bí 45,000 Hz, ó sì ń gbọ́ ohun tó jìnnà tí àwa ò lè gbọ́. Ohun tó bú gbàù létí tiwa, ẹ wo bí yóò ṣe rí létí tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà ẹran ní ilé ìwòsàn ẹran tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ló là mí lójú. Wọ́n ní, "Àǹtí, ajá tí ìbẹ̀rù bá ti gbà lọ́kàn kò ní mọ̀ yín lójú. Bí ẹ bá pè é, ohùn yín á wọ etí rẹ̀, àmọ́ ohun tó ń rò ni pé nǹkan kan tún ń bọ̀ wá bá òun. Ẹni tó bá ń sáré tọ̀ ọ́, òun ni ọ̀tá." Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí gbogbo bí mo ṣe ń wá a padà.

Ohun tó mú ajá kúrò nílé ló máa ń sọ ibi tí a ó ti wá a. Ajá tó tẹ̀lé abo kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ibi tí ajá bá ti pọ̀ ni yóò wà, lórí àkìtàn, lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn alápatà, tí èjìká rẹ̀ á ti họ nítorí ìjà. Irú èyí, ẹ lè pè é lórúkọ, yóò sì dáhùn. Ajá tí wọ́n jí gbé tún yàtọ̀. Ajá òyìnbó olówó ńlá tàbí ọmọ ajá ni wọ́n sábà máa ń gbé lọ tà, ajá ìbílẹ̀ tó sanra sì níbi tí wọ́n ń gbé e lọ, nítorí a mọ àwọn ìlú tí wọ́n ti ń jẹ ẹran ajá, a sì mọ̀ pé ajá ni Ògún ń gbà. Bí ẹ bá fura sí èyí, ọjọ́ kìíní ni kí ẹ lọ bá àwọn tó ń ta ajá lọ́jà, kí ẹ fi àwòrán hàn wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Oníṣòwò ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ kí wàhálà ajá tí olówó rẹ̀ ń wá bá àwọn. Ẹ má lọ fẹ̀sùn kàn wọ́n.

Ajá tí ìbẹ̀rù lé, bíi tiwa, ẹ̀bá ògiri ló ń rìn. Ó ń sá fún ariwo, ó ń sá fún èèyàn, ó sì ń wá ibi tó ṣókùnkùn: ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí, abẹ́ afárá, inú gọ́tà gbígbẹ, ẹ̀yìn ilé ìjọsìn tó ti dá. Ọ̀sán ló fi ń sùn, òru àti ìdájí ló ń jáde wá oúnjẹ. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń wá a lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú èrò lẹ́yìn kì í fi í rí i.

Ta ló wá ń rí ojú ọ̀nà nígbà tí ìyókù wa ń sùn? Ìbéèrè yìí ló ṣe mí láǹfààní jù. Mo jókòó, mo kọ wọ́n sílẹ̀: ọdẹ àdúgbò tó ń lu irin lóru, ládàánì tó ń pe ìrun àsùbáá, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì àti àwọn ọmọ tó ń kiri rẹ̀, agbálẹ̀ títì, ọlọ́kadà tó ń gbé èrò àkọ́kọ́, ẹni tó ń dín àkàrà. Mo fi àwọn onílé àti onísọ́ọ̀bù sílẹ̀ ná, mo lọ bá àwọn wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ọdẹ wa, ará Ṣakí, gbọ́ tèmi tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ò bá ti tètè wá. Èmi ni mo mọ ajá tó ń rìn lóru níbí àti ilé tí oníkálukú ti wá." Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń fi tọ́ọ̀ṣì wo inú gbogbo ilé tí kò tíì parí bí wọ́n ti ń yí àdúgbò ká.

Mo ṣe ìwé ìkéde náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àtíbàbà àwọn oní-POS, ibùdó ọlọ́kadà, ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọjà Awótàn. Àwòrán ńlá kan, ọ̀rọ̀ díẹ̀, nọ́ńbà fóònù tí èèyàn lè kà láti orí ọ̀kadà. Mo kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ẹ má fojú kékeré wo gbólóhùn yẹn. Ajá àjèjì tó ń rìn gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú títì, dìgbòlugi ló ń wá sọ́kàn àwọn èèyàn wa, òkúta àti igi ló sì ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe àsọdùn, nítorí àrùn yẹn kì í gbóògùn mọ́ bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn. Ìwé ìkéde tó bá fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ lè gba ẹ̀mí ajá là. Mo tún kọ ọ́ pé, "Ẹ má lé e, ẹ má sọ ọ́ lókùúta, ẹ ṣáà pè mí." Mo kọ ọ́ pé ẹ̀bùn wà, ṣùgbọ́n n kò kọ iye owó. Bí owó bá pọ̀ lórí ìwé, gbogbo géńdé àdúgbò ló máa gbé okùn, wọn á sì lé ajá náà kọjá odò.

Lórí WhatsApp ẹgbẹ́ onílé àti ti àwọn òbí ní ilé ẹ̀kọ́, kì í ṣe ìwé nìkan ni mo fi ránṣẹ́. Mo fi ohùn mi sọ ọ́ ní Yorùbá, kò gùn, mo sì ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nílé, nítorí ẹni tó ń gbálẹ̀ tàbí tó ń ṣọ́ géètì lè má ka ìkéde òyìnbó, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló rí ajá. Àwọn ọmọdé náà ò kẹ̀rẹ̀. Mo bá àwọn ọmọ ilé kéú àti àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀, mo ní kí ẹni tó bá rí i má ṣe sún mọ́ ọn, kó ṣáà sáré wá pè mí. Ojú ọmọdé ń ríran níbi tí àgbà kì í wò.

Ohun kan wà tí n kò kọ síbì kankan, tí n kò sì jẹ́ kó hàn nínú àwòrán: ọmọ ìka kan lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lápá òsì funfun. Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ẹni tó ní ẹran ọ̀sìn, ẹ wá irú àmì bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ lónìí, kí ẹ sì pa á mọ́ sínú ara yín. Ọkùnrin kan pè mí, ó ní ajá mi wà lọ́dọ̀ òun ní ìlú kan tó jìnnà, ó ní òun ti ń bọ́ ọ, kí n fi owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí òun fi ọkọ̀ gbé e wá. Mo bi í pé ẹsẹ̀ wo ló ní àmì funfun. Ó ní ẹsẹ̀ iwájú. Mo kí i pé ó dàbọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ kì í ronú kó tó fowó ránṣẹ́. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ajá tí ẹ ò tíì fojú kàn, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má dá nìkan lọ pàdé àjèjì. Ojúmọmọ ni kó jẹ́, níbi tí èrò wà.

Nílé, mo gbé ẹní tó ń sùn lé síta géètì, pẹ̀lú aṣọ tí mo ti wọ̀ láìfọ̀. Bí atẹ́gùn ọyẹ́ ṣe ń fẹ́ lákòókò yẹn, ó lè gbé òórùn wa dé ibi tí ohùn wa kò lè dé. A fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ géètì lóru kó lè gba ibi tó gbà jáde wọlé, bàbá mi sì gbé àga síwájú ilé, wọ́n ń ṣọ́ ọ.

Ọmọ tó ń kiri búrẹ́dì ló mú ìròyìn wá. Ó ní, "Àǹtí, ẹ lọ bá Ìyá alákàrà tó wà ní ìsàlẹ̀ odò, wọ́n ní ajá pupa kan ń wá síbẹ̀." Mo lọ kí ìyá náà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ajá yín ni? Kó tó di pé ìrun àsùbáá parí ló máa ń wá jẹ èérún àkàrà tí mo bá dà nù. Ìgbà tí mo bá ti koná tí ìmọ́lẹ̀ mọ́, á yọ́ wọ inú ilé yẹn lọ." Wọ́n nawọ́ sí ilé alájà kan tí kò tíì ní òrùlé, tí koríko ti bo fèrèsé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ wọlé lọ mú un lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé náà ní ẹnu ọ̀nà púpọ̀, bí a bá gba iwájú wọlé, ẹ̀yìn ni yóò gbà jáde, a ò sì ní mọ ibi tó tún kù. Mo padà wá ní ìdájí ọjọ́ kejì, èmi nìkan, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ tí mo ti yan kó lè ta sánsán, mo sì wọ aṣọ tí mo fi ń dáná. Ìyá alákàrà bá mi fi iná dídá falẹ̀ díẹ̀. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan níwájú ilé náà, mo kẹ̀gbẹ́ sí i, n kò wo ojú rẹ̀ tààrà nígbà tó yọ. N kò pè é. Mo ń já ẹja náà wẹ́wẹ́, mo ń jù ú sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo sì ń kọ orin tí mo máa ń kọ ní kíṣíìnì lábẹ́ ohùn.

Ó pẹ́ gan-an. Ó jẹ èyí tó jìnnà, ó padà sẹ́yìn. Ó tún wá. Eegun ìhà rẹ̀ ti yọ, eégbọn sì ti kún etí rẹ̀ tó tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọkadà kan bú nítòsí, ó sá wọlé, mo rò pé ó parí nìyẹn, àmọ́ mo dúró síbi tí mo wà. Nígbà tó jáde lẹ́ẹ̀kejì, atẹ́gùn gba ọ̀dọ̀ mi kọjá lọ bá a. Mo rí i tí imú rẹ̀ ń gbéra. Ó wòye, ó tún gbọ́ òórùn náà, lẹ́yìn náà ló fi ikùn wọ́ dé ẹsẹ̀ mi, tó ń ké bí ọmọ ajá. Mo jẹ́ kó gbọ́ òórùn ọwọ́ mi dáadáa kí n tó rọra fi okùn tí mo ti ta bí ojóbó sí i lọ́rùn. N kò di ọrùn rẹ̀ mú. Ajá tí ẹ fọ̀n mọ́ ní irú àkókò yẹn lè bù yín jẹ láìmọ̀, bó bá sì já mọ́ yín lọ́wọ́, ó ṣòro kó tún gbà yín gbọ́. Bí ẹranko bá bu èèyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Omi díẹ̀díẹ̀ ni mo fún un, oúnjẹ náà díẹ̀díẹ̀, torí ikùn tó ti ṣófo fún ọjọ́ pípẹ́ kì í gba àjẹyó lẹ́ẹ̀kan náà. A gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹran, wọ́n yọ eégbọn, wọ́n wo ọgbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì tún fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, nítorí a ò mọ ajá tó ti bá jà. Ìyá alákàrà ò gba owó lọ́wọ́ mi. Ẹ̀wà ni mo gbé lọ, wọ́n gbà á, wọ́n sì gbàdúrà fún wa. Ọmọ búrẹ́dì gba ẹ̀bùn tirẹ̀, mo sì yọ gbogbo ìwé ìkéde kúrò lára ògiri kí ẹlòmíràn lè rí àyè lẹ tirẹ̀.

Ti ológbò yàtọ̀, mo sì ní láti sọ ọ́ nítorí ìyá kan ládùúgbò wa tó ń wá tirẹ̀ kiri títí dé Ẹlẹ́yẹlé. Ológbò tó jáde kúrò nínú ilé kì í sábà lọ jìnnà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2018 lórí ológbò tó lé ní 1,200 tó sọnù fi hàn pé nínú mẹ́rin tí wọ́n rí, mẹ́ta kò kọjá 500 mítà sí ibi tí wọ́n ti sọnù. Ẹ wo inú àjà ilé aládùúgbò, ilé jẹnẹrétọ̀, ẹ̀yìn táǹkì omi, abẹ́ ọkọ̀ tó ti kú. Òru ni kí ẹ lọ, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, ojú rẹ̀ á tàn padà sí yín. Kò ní dáhùn bí ẹ bá pè é, nítorí ìdákẹ́jẹ́ ni ààbò rẹ̀. Inú àjà ilé kejì sí tirẹ̀ gan-an ni ìyá náà ti rí tirẹ̀.

Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ṣíìpù ni kí n fi sí Tanímọ̀la lára. Òfin ni fún gbogbo ajá níbẹ̀ láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2016, ti ológbò sì tẹ̀lé e ní England láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2024. Kò ju hóró ìrẹsì lọ, abẹ́ awọ ni wọ́n ń fi sí, nọ́ńbà ló sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ń sọ ibi tí ajá wà. Kò rí bẹ́ẹ̀: àfi kí ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń kà á gbé e sún mọ́ ajá náà kí nọ́ńbà tó yọ, kí wọ́n sì wá olówó rẹ̀ nínú ìwé. Ó dára, ẹni tó bá lè ṣe é kó ṣe é. Ṣùgbọ́n ládùúgbò tiwa, Ìyá alákàrà kò ní ẹ̀rọ yẹn, Bàbá ọdẹ kò ní in. Nọ́ńbà fóònù tí a fín sára irin pẹlẹbẹ, tí a so mọ́ bẹ́líìtì ọrùn, ni gbogbo wọn lè lò, òun ló sì wà lọ́rùn Tanímọ̀la báyìí. Mo tún ní àwòrán rẹ̀ láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, àti èyí tí òun àti èmi jọ wà nínú rẹ̀, mo sì tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dáadáa, torí bí ẹlòmíràn bá sọ pé òun ló ni ín, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni baálẹ̀ tàbí ọlọ́pàá máa bèèrè.

Ó ku ẹ̀yin tí ajá ẹlòmíràn bá ya wọ ọgbà yín. Ẹ má lé e jáde, bí ẹnu rẹ̀ kò bá ń ho tí kò sì máa gbéjà ko ohun gbogbo tó bá rí. Ẹ gbé omi sílẹ̀ fún un, ẹ ti géètì, ẹ má fọwọ́ kàn án títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi síta, ẹ fi àmì kan pamọ́, kí ẹ sì bi ẹni tó bá wá gbà á léèrè àmì náà. Ẹ sọ fún dókítà ẹran tó bá sún mọ́ yín jù àti fún ọdẹ àdúgbò yín, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti lọ bá wọn kí ilẹ̀ tó mọ́.